Ọtí Ewé Kíkorò Tí Àwọn Ìyá Ń Sè Ní Kọ̀rọ̀

  Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ ìtàn, mo mọ̀ pé ìtàn bí a ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Èyí tí a kọ lọ́dún tó kọjá ṣì wà nílé yín, ẹ lọ kà á. Lékulẹ́ja ni mí. Ewé gbígbẹ, egbò àti èèpo igi ni mo fi tọ́ ọmọ, ohun tó sì jọ mọ́ ọjà mi ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ àbúrò mi kan tó ń gbé òkè òkun wá kí mi ní ìsọ̀. Ó rí ìgò ògógóró tí mo fi rẹ egbò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ̀mí, àwọn òyìnbó náà ń ṣe èyí o. Absinthe ni wọ́n ń pè é. Ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni ìjọba fi lé wọn kiri nítorí ẹ̀." Mo ní kó jókòó kó sọ ọ́ dáadáa. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ewé tó jẹ́ olórí nínú ọtí yìí, àwa tí a ń ka Bíbélì mọ orúkọ rẹ̀: iwọ ni, èyí tí wọ́n fi sọ ìràwọ̀ lórúkọ nínú ìwé Ìfihàn. Ó korò ju ewúro lọ. Ìbátan rẹ̀ kan tó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá ni wọ́n ti rí oògùn ibà tó wà nínú ACT tí a ń rà ní kẹ́mísí lónìí. Nítorí náà, kì í ṣe ewé yẹpẹrẹ.

Ní Swítsàlandì, nítòsí ààlà ilẹ̀ Faransé, àfonífojì kan wà tí wọ́n ń pè ní Val-de-Travers. Abúlé Couvet wà níbẹ̀. Kó tó di ọdún 1800 ni wọ́n ti ń se ewé yìí mọ́ ọtí líle níbẹ̀, wọ́n sì ń tà á bí oògùn inú rírun. Ta ló kọ́kọ́ sè é? Àwọn kan ní dókítà Faransé kan ni, Pierre Ordinaire. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Henriod ti ń sè é nínú ilé ìdáná rẹ̀ kí dókítà tó gbọ́ nípa rẹ̀. Èmi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ta àgbo, ẹ̀yin náà ẹ dá a rò. Ohun tó dájú ni pé ní 1797, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dubied ra ìmọ̀ náà, òun àti ọkọ ọmọ rẹ̀, Henri-Louis Pernod, sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1805 Pernod sọdá sí Pontarlier ní ilẹ̀ Faransé, kó má baà máa san owó ibodè. Ibẹ̀ ni ọlá ti dé. Orúkọ Pernod wà lára ìgò títí di òní. Orúkọ ìyá yẹn kò sí lára ìgò.

Bí wọ́n ṣe ń sè é rèé. Wọ́n á kọ́kọ́ sá ewé náà gbẹ dáadáa nínú àká. Ìwé àtijọ́ kan tó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ti Pontarlier ní kí wọ́n mú iwọ gbígbẹ kílò méjì àbọ̀, èso ánísì kílò márùn-ún, èso fẹ́nẹ̀lì kílò márùn-ún, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú ọtí líle lítà 95 mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á gbé e kaná nínú ìkòkò bàbà. Ooru rẹ̀ á gba inú páìpù, á tutù, á sì máa kán tó, tó, tó, bí ògógóró gẹ́lẹ́. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí: kíkorò ewé náà kì í bá ooru gòkè, ìsàlẹ̀ ìkòkò ló ń kù sí. Òórùn nìkan ló ń gòkè. Ẹni tó bá kàn rẹ ewé sínú ọtí bíi tèmi, tí kò sè é, kíkorò ni yóò mu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún rẹ ewé mìíràn sí i kó lè ní àwọ̀ ewé. Tí wọ́n bá fẹ́ mu ún, wọ́n á da omi tútù sí i díẹ̀díẹ̀ lórí ṣúgà, gbogbo rẹ̀ á sì di funfun.

Kí ló wá sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń mu? Àwọn sójà Faransé tó lọ jagun ní Algeria ń mu ún nítorí ibà, wọ́n sì mú ìfẹ́ rẹ̀ bọ̀ wálé. Lẹ́yìn 1860, kòkòrò kan ba igi àjàrà ilẹ̀ Faransé jẹ́. Wáìnì gbówó lórí, absinthe sì pọ̀ yanturu ní owó pọ́ọ́kú. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Kódà, nígbà tí àrá sán sí ilé iṣẹ́ Pernod ní oṣù Kẹjọ 1901, òṣìṣẹ́ kan tú ọtí inú àgbá sínú odò Doubs kí iná má baà ràn mọ́ ọn. Odò mìíràn tó jìnnà síbẹ̀, Loue, bẹ̀rẹ̀ sí í rùn absinthe. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé omi Doubs ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Loue!

Ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1905. Alágbàṣe kan ní Commugny, Jean Lanfray, yìnbọn pa ìyàwó rẹ̀ tó lóyún àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Wáìnì àti oríṣiríṣi ọtí ni ọkùnrin yìí mu láti àárọ̀ ọjọ́ náà, absinthe kò ju ìfe méjì lọ nínú rẹ̀. Absinthe ni gbogbo èèyàn dá lẹ́bi. Àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n fòfin dè é. Ní oṣù Keje 1908 wọ́n dìbò, òfin sì wọlé. Láti oṣù Kẹwàá 1910, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sè é tàbí tà á ní Swítsàlandì. Faransé náà fòfin dè é ní 1915.

Ẹ dákun, ẹ fi ojú sí ibí yìí: ọkùnrin nìkan ló dìbò yẹn. Obìnrin Swítsàlandì kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò irú èyí títí di 1971. Àwọn obìnrin tó ń gbin ewé, tó ń sá a, tó mọ bí wọ́n ṣe ń sè é, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Mi ò sọ pé ọtí dára o. Mo mọ ohun tí ọtí ti ṣe nínú ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, ìyá àwọn ọmọ Lanfray náà kì í ṣe ẹni tí a lè gbójú fò. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ fòfin de ọjà èèyàn, ó yẹ kí wọ́n pè é sí ìpàdé.

Ṣé wọ́n wá jáwọ́? Rárá. Ní Val-de-Travers, ilé ìdáná àti àjà ilẹ̀ ni wọ́n kó ìkòkò lọ. Òru ni wọ́n ń sè é, nítorí òórùn. Wọn ò pa á láró mọ́, kó lè dà bí omi lójú ọlọ́pàá, "aláwọ̀ sánmà" ni wọ́n sì ń pè é ní bòókẹ́lẹ́. Wọ́n mú àwọn kan, wọ́n bu owó ìtanràn lé wọn, wọ́n fọ́ ìkòkò wọn. Ìyá ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ ọmọ ọmọ. Ní 1983 tí Ààrẹ Faransé, Mitterrand, ṣe àbẹ̀wò sí Neuchâtel, wọ́n fi absinthe sínú ìpanu dídì tí wọ́n gbé fún un, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ilé ẹjọ́. Àwa náà mọ irú òfin bẹ́ẹ̀. Lásìkò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀wọ̀n ń bẹ fún ẹni tó bá se ògógóró, nígbà tí jíìnì òyìnbó ń gba ibodè wọlé, tí ìjọba ń gba owó lórí rẹ̀.

Ṣé ewé náà ló ń ya èèyàn ní wèrè bí wọ́n ṣe sọ nígbà náà? Ní 2008, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tú ìgò 13 tí wọ́n ti kó pamọ́ láti ìgbà tí òfin kò tíì dé. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù nínú ewé náà kò pọ̀ tó láti ṣe bẹ́ẹ̀. Agbára ọtí fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ibi, àti àwọn alábòsí tí ń fi kẹ́míkà bàbà pa ayédèrú láró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo ayédèrú. Ní oṣù Kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó lé ní èèyàn mẹ́wàá tó kú lẹ́yìn tí wọ́n mu ògógóró tí mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Ojú ló kọ́kọ́ ń fọ́. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n, imú kò lè gbóòórùn rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, èmi kì í ra ọtí lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ ibi tó ti rà á, ẹni tó bá sì sọ pé òun fẹ́ máa sè é lẹ́yìnkùlé, mo máa ń sọ ti Òde-Ìrèlè fún un.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 2005 ni Swítsàlandì fagi lé òfin náà. Lára àwọn tó ti ń sè é ní kọ̀rọ̀ jáde sí gbangba, wọ́n gba ìwé àṣẹ. Ilé ẹjọ́ Môtiers, níbi tí wọ́n ti ń dá wọn lẹ́jọ́, ti di ilé ìtàn absinthe láti 2014. Èèyàn ń sanwó wọlé láti wo ìkòkò tí ọlọ́pàá gbà.

Ọmọ àbúrò mi mú ìgò kékeré kan bọ̀ nígbà tó tún wá. Ó da díẹ̀ sínú ìfe, ó bu omi tútù sí i, ó sì funfun báláú lójú wa. Ìyá eléwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó dá a padà.

"Omidùn lẹ gbé fún mi," ó ní. "Èló lẹ ní wọ́n ń ta ìgò kan?"