Ilé Kékeré Ẹ̀yìnkùlé: Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Ọ àti Bí Iná àti Omi Ṣe Ń Dé Ibẹ̀

Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ilé kékeré ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe nǹkan àjèjì. Ẹlòmíì ń fi ṣe ibi ìránṣọ tàbí ibi ìṣerun lóge, ẹlòmíì gbé ẹ̀rọ ìlọta síbẹ̀, ẹlòmíì sì ń kó kòkó, gàrí tàbí epo pupa pamọ́ síbẹ̀ títí ọjà á fi gbówó lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Òkè-Ìlá, Ọ̀rà àti àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Kíkọ́ ilé náà fúnra ẹ̀ kọ́ ló le jù. Iná àti omi tó máa wọ ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́lé tán, wọ́n á da kọnkéré sílẹ̀, wọ́n á kun ọ̀dà, kí wọ́n tó rántí pé wọn ò tíì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún wáyà. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá na wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ojú fèrèsé, á gba orí igi máńgòrò, á gba abẹ́ páànù. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ ló ń dáná sunlé, irú ẹ̀ náà ni iná inú ẹ̀ ń gbé ọmọdé. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ètò iná àti omi ṣáájú kọnkéré.

Ilẹ̀ àti ìwé àṣẹ

Ohun àkọ́kọ́ ni ilẹ̀. Tó bá jẹ́ inú agbo ilé ni, ilẹ̀ ẹbí ni, kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí àti àwọn tẹ́ ẹ jọ ni ín mọ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì kọ àdéhùn náà sílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí. Ilé tí wọ́n bá fi búlọ́ọ̀kù kọ́ kì í ṣe àtíbàbà tí wọ́n lè ká kúrò lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà ni ìwé àṣẹ. Òfin ètò ìlú àti ìgbèríko ti ọdún 1992 ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ tó ń mójú tó ètò ilé kíkọ́. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ìyẹn Ìlá tàbí Ìfẹ́dayọ̀, kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Wọ́n máa sọ iye àyè tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ilé náà àti ààlà ọmọnìkejì yín.

Ẹ wòkè pẹ̀lú. Ẹ má kọ́ ilé sábẹ́ wáyà iná tó gba orí òpó kọjá, kódà tó bá dà bíi pé ó jìnnà. Páànù gígùn tí káfíńtà ń gbé sókè lè kan wáyà lójijì.

Ìpìlẹ̀, ògiri àti òrùlé

Ẹ fi ilé tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10 ṣe àpẹẹrẹ. Àyíká ẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 44. Ìlà búlọ́ọ̀kù kan yípo máa gba bíi 30. Tí ògiri bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tẹ́ ẹ sì yọ àyè ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, búlọ́ọ̀kù bíi 280 ló máa tán lórí ilẹ̀. Ẹ ra 300, torí àwọn kan á fọ́. Ìlà méjì tàbí mẹ́ta tó wà nínú ìpìlẹ̀ máa gba 60 sí 90 sí i. Tí bíríkìlà bá dárúkọ 700, ẹ ní kó ṣàlàyé ibi tó fẹ́ lò ó sí.

Àsìkò tún ṣe pàtàkì. Láàárín Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kejì, ilẹ̀ gbẹ, ó rọrùn láti gbẹ́ ìpìlẹ̀ àti yàrà wáyà. Àmọ́ ọyẹ́ máa ń tètè fa omi jáde lára sìmẹ́ńtì, nítorí náà ẹ máa wọ́n omi sí kọnkéré àti búlọ́ọ̀kù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Kí òrùlé ti wà lórí ilé kí ìjì àkọ́rọ̀ òjò ti Oṣù Kẹta àti Oṣù Kẹrin tó bẹ̀rẹ̀. Ìjì yẹn ló máa ń ká páànù ilé kékeré lọ, torí pé ìṣó nìkan ni wọ́n fi kan igi mọ́ orí ògiri. Ẹ ní kí bíríkìlà ri irin mọ́ inú ìlà búlọ́ọ̀kù méjì tó kẹ́yìn, kí káfíńtà wá fi irin náà di igi òrùlé mú. Kí wọ́n sì fi oògùn ikán pa igi náà kó tó gòkè.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ kí kọnkéré tó dé

Kí wọ́n tó da kọnkéré sílẹ̀ ilé, páìpù mẹ́ta ló yẹ kó ti gba inú ìpìlẹ̀ kọjá: ọ̀kan fún wáyà iná, ọ̀kan fún omi tó ń wọlé, ọ̀kan fún omi ìdọ̀tí tó ń jáde. Kódà tówó ò bá tíì sí fún omi báyìí, ẹ ri páìpù náà mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ dí ẹnu ẹ̀. Owó páìpù kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọnkéré tí wọ́n máa tún fọ́.

Bíríkìlà lè sọ pé, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, a máa là á tó bá yá." Ẹ dá a lóhùn pé, "Ọ̀gá bíríkìlà, ẹ bá mi fi síbẹ̀ báyìí." Ẹni tó máa fi òòlù fọ́ ìpìlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú lè dín agbára ilé náà kù.

Yàrà tí wáyà máa gbà láti ilé ńlá gbọ́dọ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sí méjì, kí ọkọ́ àti àdá má bàa kàn án. Ẹ lo wáyà tí wọ́n fi irin bò lára, tàbí kẹ́ ẹ fi wáyà tó dáa sínú páìpù líle. Ẹ kọ́kọ́ da iyanrìn bò ó, kẹ́ ẹ to búlọ́ọ̀kù àfọ́kù lé e lórí, kẹ́ ẹ tó da ilẹ̀ padà. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ń gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀, búlọ́ọ̀kù yẹn ló máa kọ́kọ́ kàn. Páìpù omi kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà gan-an. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan sí wọn láàárín. Kẹ́ ẹ tó bo yàrà náà, ẹ fi fóònù yà á, kẹ́ ẹ sì wọn bó ṣe jìnnà sí ògiri. Àwòrán yẹn máa wúlò fún ọmọ yín ní ogún ọdún sí i.

Iná: sisanra wáyà ni gbogbo ọ̀rọ̀

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ta àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ní ọdún 2013, IBEDC ló ń pín iná fún Ọ̀ṣun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NẸ́PÀ ni ọ̀pọ̀ ṣì ń pè é. Iná ilé kékeré gbọ́dọ̀ jáde láti ẹ̀yìn mítà ilé ńlá. Ẹni tó bá fà á láti òpó tàbí kó tó dé mítà ti rú òfin, ó sì ti fi ẹ̀mí ara ẹ̀ wéwu.

Wáyà tó bá gùn máa ń jẹ lára agbára iná, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń jẹ ẹ́ jù. Volt 230 ló yẹ kí iná ilé jẹ́ ní Nàìjíríà. Tí ilé kékeré bá jìnnà sí ilé ńlá ní mítà 30, tó sì ń lo ampere 20, wáyà kọ́pà 2.5 máa pàdánù bíi volt 11 lójú ọ̀nà. Wáyà 6 máa pàdánù bíi volt 4 péré. Wáyà 1.5 máa pàdánù ju 17 lọ, kò sì yẹ ká gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé e rárá. Lálẹ́, nígbà tí iná láti òpó fúnra ẹ̀ bá ti rẹlẹ̀, ìyàtọ̀ yìí ló ń sọ bóyá fíríìsà máa ṣiṣẹ́ tàbí ó máa jó.

Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Ẹni tó ń fẹ́ gílóòbù kan lónìí lè fẹ́ áyọ́ọ̀nù lọ́la, kó sì gbé ẹ̀rọ ìlọta oní-háńdírẹ́ẹ̀dì kílò wọlé lọ́túnla. Ẹ̀rọ máa ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Ẹ ra wáyà tó máa gbé ohun tẹ́ ẹ máa lò ní ọdún márùn-ún sí i.

Nínú ilé kékeré náà, wáyà 1.5 tó fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kó ní àpótí bíréékà tirẹ̀. Bíréékà ló ń dáàbò bo wáyà, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ tóbi ju wáyà lọ: 20 kò gbọ́dọ̀ kọjá 20 fún wáyà 2.5. Tí bíréékà bá ń já ṣáá, ẹ wá ohun tó fà á. Ẹ má fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò. Ẹ fi èyí tí àwọn oníná ń pè ní RCCB kún un, torí òun ló máa ń já kíá tí iná bá ń jò sára èèyàn.

Àwọ̀ wáyà náà ní ìtumọ̀. Búráhùn ló ń gbé iná wá, búlúù ló ń dá a padà, ewé pẹ̀lú yẹ́lò ni ti ẹ́ẹ̀tì. Nínú ilé àtijọ́, pupa àti dúdú lẹ máa bá dípò búráhùn àti búlúù. Ẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ń fò, torí pé gílóòbù máa tàn láìsí i. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀ dípò ara ẹni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ọ̀pá kọ́pà tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni wọ́n ń gbá mọ́lẹ̀ fún un. Ilẹ̀ gbígbẹ àti ilẹ̀ olókùúta, irú èyí tó pọ̀ lẹ́bàá àwọn òkè Òkè-Ìlá, kì í gba iná dáadáa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí oníná fi ẹ̀rọ dán an wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ lo oníná tó ní ìwé ẹ̀rí. Àjọ NEMSA ni ìjọba àpapọ̀ gbé àyẹ̀wò iná lé lọ́wọ́, wọ́n sì ń fún àwọn tó yege ní ìwé àṣẹ. Ẹ ní kó fi tirẹ̀ hàn yín.

Jẹnẹrétọ̀ àti sólà

Ilé kékeré kì í ṣe ibi tí wọ́n ń ti jẹnẹrétọ̀ mọ́. Èéfín ẹ̀ ní gáàsì kan tí kò rùn, tí kò sì láwọ̀, tó ń pa èèyàn lójú oorun. Ìta gbangba ni kó wà, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹnu èéfín ẹ̀ kọjú síbòmíràn. Ẹ lo súwíìsì tó ń yan ọ̀kan nínú iná òpó àti jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó bá ki wáyà jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ń rán iná padà sí òpó, níbi tí òṣìṣẹ́ tó rò pé kò síná ti lè fọwọ́ kàn án.

Fún ibi tí iná kì í ti í dúró, sólà kékeré lè tó gílóòbù, fáànù àti fóònù. Ẹ̀rọ ìlọta àti áyọ́ọ̀nù nílò èyí tó tóbi gan-an, nítorí náà ẹ ka ohun tẹ́ ẹ máa lò kẹ́ ẹ tó rà.

Omi

Gíga ló ń fún omi lágbára. Bí táńkì bá ṣe ga sí lòmi táàpù ṣe máa le sí. Àmọ́ omi wúwo: táńkì lítà 1,000 tó bá kún wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì 20. Ẹ má gbé e sórí ògiri búlọ́ọ̀kù tàbí òrùlé; ẹ kọ́ ìdúró tirẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú ìpìlẹ̀ tó dáa.

Òrùlé náà lè fún yín lómi. Páànù tó bo ilé ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 10, tó yọ díẹ̀ síta yíká, lè gba omi bíi lítà 280 nínú òjò mìlímítà 20. Ẹ fi gọ́tà sí i, kẹ́ ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ ìdọ̀tí kúrò kẹ́ ẹ tó máa gbè é. Fífọ nǹkan ló wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún gbọ́dọ̀ sè é.

Omi ìdọ̀tí ló yẹ kó dun èèyàn jù. Omi ọṣẹ àti oògùn irun kò gbọ́dọ̀ ṣàn lọ sí kànga. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ni pé kí sọ́kàwéè àti ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30, kí wọ́n sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ti dà. Ẹ wọn ti kànga aládùúgbò yín mọ́ ọn pẹ̀lú.

Kẹ́ ẹ tó san owó tó kù

Ẹ má san owó ìkẹyìn títí ẹ ó fi rí nǹkan mẹ́rin yìí: àwòrán yàrà wáyà àti páìpù; bíréékà tó já nígbà tí oníná tẹ bọ́tìnì ìdánwò RCCB; èsì ìdánwò ẹ́ẹ̀tì; àti omi tó gba páìpù kọjá fún wákàtí kan láìjò, kí wọ́n tó bo yàrà náà. Èyí tí kò bá pé nínú wọn, kí oníṣẹ́ parí ẹ̀ nígbà tó ṣì wà lórí iṣẹ́, torí ó ṣòro láti rí i mú lẹ́yìn tó bá ti gbowó tán.