Obìnrin tí ó wá oògùn sí ẹ̀jẹ̀ ìkúnlẹ̀

Bí obìnrin bá bímọ tán, "ẹ kú ewu ọmọ" ni a ń kí i. Ewu tí ìkíni náà ń sọ, ewu gidi ni. Ẹ̀jẹ̀ a máa dà lẹ́yìn ìbímọ, a sì máa dá. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn kì í dá. Ilé ọmọ lè kọ̀ láti fún pọ̀, ibi ọmọ lè ṣẹ́kù sínú, ojú ara lè ya, ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ sì lè kọ̀ láti dì. Abiyamọ tí ó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀ lè di olóògbé láàárín wákàtí díẹ̀. Ìtàn oògùn kan tí a wá nítorí irú ẹ̀jẹ̀ yìí ni a fẹ́ sọ, àti bí ó ti pẹ́ tó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a torí wọn wá a.

Utako Okamoto ni orúkọ obìnrin tí ó wá a; Shosuke ni ọkọ rẹ̀. Ní ọdún 1918 ni a bí Utako ní ilẹ̀ Jàpáànù, ó sì parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní 1941, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń jà. Nígbà tí ogun parí, owó ìwádìí wọ́n bí ojú. Tọkọtaya náà yàn láti máa wádìí ẹ̀jẹ̀, nítorí pé bí èyí tí wọn yóò fi ṣiṣẹ́ kò bá tó, wọ́n lè fa tiwọn. Utako kò rí ẹni tí yóò bá a tọ́jú ọmọ, nítorí náà ó pọn ọmọbìnrin rẹ̀ sẹ́yìn nínú ilé-ìwádìí. Ohun tí ìyá èyíkéyìí ń ṣe ní ọjà Kétu tàbí ti Àjàṣẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ìgbà náà, tí ó jẹ́ pé ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ wọn. Ní ìpàdé kan tí ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́: wọ́n ní ṣé ó fẹ́ jó fún àwọn ni.

Nígbà tí ara bá fara gbọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ a máa hun okùn tín-ín-rín tí ó fi ń dì. Ara kan náà sì ní ohun tí ó ń tú okùn wọ̀nyí, kí ẹ̀jẹ̀ dídì má baà dí ọ̀nà inú iṣan. Lára àwọn abiyamọ kan, títú náà a máa yá jù. Ohun tí yóò dá a dúró ni tọkọtaya yìí ń wá. Wọ́n kọ́kọ́ rí ọ̀kan, èyí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ní 1962 wọ́n kéde òmíràn tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po 27 ti àkọ́kọ́. Òun ni a ń pè ní acide tranexamique.

Utako bẹ àwọn dókítà agbẹ̀bí ní ìlú Kobe pé kí wọ́n dán an wò lára àwọn abiyamọ, wọn kò gbà. Oògùn náà bá gba ibòmíràn lọ. Àwọn oníṣègùn eyín ń lò ó bí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì. Ní ilẹ̀ Sweden, a ń fi tọ́jú obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀ jù; Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìyẹn ní 2009. Ẹ jẹ́ kí á yà díẹ̀ níhìn-ín, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí ń ka ìwé ìròyìn yìí. Nǹkan oṣù tí ó ju ọjọ́ méje lọ, tàbí èyí tí ó ń mú ni pààrọ̀ aṣọ ní wákàtí wákàtí, ó yẹ kí dókítà rí i. Ó lè jẹ́ kókó inú ilé ọmọ ni, ó lè jẹ́ oyún tí ó fẹ́ bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí kì í dì dáadáa láti ìgbà ìbí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún ọmọbìnrin pé bí obìnrin ṣe ń rí nìyẹn.

Láti 2010 dé 2016, àwọn onímọ̀ láti London ṣe ìdánwò tí Utako ti bẹ̀bẹ̀ fún. Obìnrin 20,060 ni ó kópa, ní ilé ìwòsàn 193 ní orílẹ̀-èdè 21. Nàìjíríà wà lára wọn, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn sì wà níbẹ̀. Ìdajì wọn gba oògùn náà, ìdajì gba omi tí ó jọ ọ́. Nínú àwọn tí a tọ́jú kí wákàtí mẹ́ta tó pé lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ pa 127 lára àwọn tí kò gba oògùn, ó sì pa 89 lára àwọn tí ó gbà á. Oògùn náà kò dín iye àwọn tí a yọ ilé ọmọ wọn kù, kò sì gba ipò oògùn tí ń mú ilé ọmọ fún pọ̀. Síbẹ̀, ní 2017 kan náà tí èsì jáde, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a máa fún abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ náà, kí wákàtí mẹ́ta tó pé.

Utako kò rí èsì yìí. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2016, ní ẹni ọdún 98. Ọdún 55 ni ó wà láàárín ìkéde oògùn àti èsì ìdánwò náà. Ní ojú tiwa, oògùn kọ́ ni ó ṣọ̀wọ́n ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ẹni tí yóò ka ikú abiyamọ sí ohun tí ó tó ṣèwádìí lé lórí ni ó ṣọ̀wọ́n.

Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní 2018 fi hàn pé bí ìṣẹ́jú 15 bá ti kọjá láìfúnni ní oògùn náà, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àǹfààní rẹ̀ a máa lọ. Ẹni tí ó bímọ ní abúlé tí ó jìnnà sí ọ̀dà, tí a ṣì ń wá zémidjan tí yóò gbé e lọ, kí ará ilé rẹ̀ mọ̀ pé wákàtí mẹ́ta náà kì í bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Láti ìgbà tí ọmọ ti bọ́ sílẹ̀ ni a ti ń kà á.