Ohun tí Ilé-Ìwé Kan ní Modákẹ́kẹ́ Fi Kọ́ Wa

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìwé kìn-ín-ní ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ yìí. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ ní èdè Yorùbá. Olùkọ́ ọ̀tọ̀ ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ló gbé ètò náà kalẹ̀. Àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ìwé kẹrin, wọ́n ta wọ́n yọ lápapọ̀, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí nínú ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ó kan ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tó mọ ewé akòko, ìkán àti àgbàrá láti ilé, bí a bá ní kí ó dákẹ́ títí yóò fi mọ orúkọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, a ti sọ ọ́ di àlejò nínú oko baba rẹ̀. Àlejò kì í sì í tún ilé onílé ṣe.

Ohun mìíràn wà tí a bàjẹ́. Nígbà tí àwa wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tó pẹ́ dé ni wọ́n ń ní kí ó gé koríko. Ẹni tó pariwo ni yóò gbálẹ̀. Ìtọ́jú àyíká wá di ìyà ẹlẹ́ṣẹ̀. Ta ni yóò fẹ́ràn ohun tí a fi jẹ ẹ́ níyà?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Ó dunni. Síbẹ̀, olùkọ́ kò nílò àṣẹ láti Àbújá kó tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ẹ̀bá gọ́tà iwájú ilé-ìwé, kí wọ́n jọ ka ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó dí i, kí wọ́n jọ kó o, kí ó sì bi wọ́n ní Yorùbá pé: ibo ni omi yìí ìbá ṣàn lọ?