Ibi Ìgbọ́kọ̀sí àti Ọ̀nà Àwọn Aláàbọ̀ Ara ní Ọgbà Ìrántí Ogun Gettysburg

Ìfáárà

Ogun tí àwọn ọmọ-ogun Àríwá àti ti Gúúsù Amẹ́ríkà jà ní Gettysburg, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹta oṣù Keje, ọdún 1863, ṣe nǹkan bí 51,000 ènìyàn lọ́ṣẹ́: àwọn kan kú, àwọn kan fara gbọgbẹ́, wọ́n mú àwọn kan ní òǹdè, wọ́n sì wá àwọn mìíràn tì. Ọ̀nà tí àlejò ń gbà dé ojú ogun náà ni iṣẹ́ yìí dá lé. Èrò àwọn kan ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ dáàbò bo ilẹ̀ ìtàn kò gbọdọ̀ la ọ̀nà sí i. Ìtàn Gettysburg kò ti èrò yìí lẹ́yìn.

Láti 1895 títí di 2013

Nígbà tí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà sọ ibẹ̀ di ọgbà ìrántí ní 1895, iléeṣẹ́ ogun ni ó ń bójú tó o. Iléeṣẹ́ náà fi òkúta ṣe ọ̀nà gba ibi tí àwọn ọmọ-ogun tò sí. Ní 1913, nígbà tí ogun náà pé 50 ọdún, àwọn jagunjagun àtijọ́ tí ó lé ní 50,000 péjọ síbẹ̀; àgbà ni wọ́n nígbà náà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára mọ́ ti wà nínú ìtàn ọgbà náà tipẹ́.

National Park Service gba àkóso ní 1933. Ní 1962, wọ́n ṣí ilé tí Richard Neutra yàwòrán rẹ̀ sí Ziegler's Grove, pẹ̀lú ibi ìgbọ́kọ̀sí, lórí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ-ogun Àríwá dúró sí gan-an. Àlejò kò rìn jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà bo ohun tí ó wá wò. Wọ́n ṣí ilé tuntun sí ibòmíràn ní 2008, wọ́n sì wó ti Neutra ní 2013.

Òkè Little Round Top

Lórí òkè yìí ni àwọn ọmọ-ogun Strong Vincent ti dènà ọ̀tá ní ọjọ́ kejì ogun náà. Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ pọ̀ ju ààyè lọ. Ẹsẹ̀ àlejò hú koríko, ọ̀gbàrá sì ń wọ́ ilẹ̀ lọ. Ọ̀nà kò rọrùn fún aláàbọ̀ ara, bẹ́ẹ̀ láti 1968 ni òfin ti pa á láṣẹ pé kí àwọn ilé tí ìjọba àpapọ̀ bá kọ́ ṣeé wọ̀ fún wọn. Wọ́n ti òkè náà pa ní oṣù Keje 2022. Wọ́n tún ibi ìgbọ́kọ̀sí tò, wọ́n la ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè gbà, wọ́n sì gbin koríko padà kí wọ́n tó ṣí i ní oṣù Kẹfà 2024.

Ìkádìí

Ohun méjì ni ó hàn. Ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ó sún mọ́ ojú ogun jù a máa pa ẹ̀rí ìtàn rẹ́. Ilẹ̀ tí a kò sì la ọ̀nà sí, gbogbo rẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń sọ di ọ̀nà. Ìṣòro kan ṣì kù: gíga òkè náà wà lára ohun tí ó mú kí ó ṣòro láti gbà, a kò sì lè tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ láìba ẹ̀rí jẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí onímọ̀ ìtàn wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yàn ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí.