Másítáàsì Kọ̀ǹpútà Lókè Òkun: Ẹ Ṣírò Èyí Kẹ́ Ẹ Tó Ta Ilé

Lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Makera, ìyá kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Oníròyìn wa, ọmọ mi ti rí àdímíṣọ̀n gbà nílùú Òyìnbó, másítáàsì kọ̀ǹpútà ló fẹ́ lọ ṣe. Bàbá rẹ̀ sì fẹ́ ta ilé tá a kọ́ sí Kakuri. Kí lẹ rí sí i?" Mi ò lè dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo lọ wádìí. Ohun tí mo bá bọ̀ rèé, torí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ilé púpọ̀.

Kí ló fẹ́ lọ kọ́?

Oríṣi méjì ni másítáàsì kọ̀ǹpútà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan wà fún ẹni tí kò ka kọ̀ǹpútà rí, tó wá fẹ́ yà sí i. "Conversion" ni wọ́n ń pè é. Èkejì wà fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n, tó fẹ́ jinlẹ̀ ní apá kan, bíi ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí AI. Bí ọmọ tó ti ka computer science ní ABU Zaria bá lọ ṣe ti àkọ́kọ́, ohun tó ti mọ̀ ló tún ń fowó ńlá rà. Àwọn tó ní HND láti Kaduna Poly, ẹ béèrè dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó fún ejẹ́ńtì: yunifásítì kan á gbà á, òmíràn á ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe PGD.

Ẹ má gbàgbé pé nínú iṣẹ́ yìí, ohun tọ́wọ́ ẹni lè ṣe làwọn tó ń gbani síṣẹ́ máa ń wò. Ọmọ tí kò tíì fi kọ̀ǹpútà ṣe nǹkan kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé, ìwé ọdún kan nìkan ò lè gbé e dé ibi tó ń lọ.

Èló ni gbogbo rẹ̀?

Owó ilé ìwé fún àlejò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń wà láàárín 15,000 sí 30,000 pọ́n-ùn; ti àwọn yunifásítì ńlá kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba wọn fẹ́ rí owó oúnjẹ àti ilé: 1,171 pọ́n-ùn lóṣù fún oṣù 9, bí kì í bá ṣe London, ti London jẹ́ 1,529. Owó náà gbọ́dọ̀ ti wà ní báǹkì fún ọjọ́ 28 láìdínkù. Owó físà ṣì wà lọ́tọ̀, owó ìlera náà jẹ́ 776 pọ́n-ùn lọ́dún.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìwé tí owó rẹ̀ jẹ́ 16,000. Tá a bá fi owó oúnjẹ àti ilé kún un, ó di 26,539 pọ́n-ùn. Bí pọ́n-ùn kan bá jẹ́ 2,000 náírà, ó ti lé ní mílíọ̀nù 53 náírà. Tí pọ́n-ùn bá fi 100 náírà péré gbówó lórí, mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ àti díẹ̀ ti gun un.

Àwọn kan máa ń yá owó kó kàn lè hàn ní báǹkì. Tí físà bá jáde, olówó á gba owó rẹ̀, ọmọ á wá gúnlẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wákàtí 20 péré ni wọ́n gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tí ilé ìwé bá ń lọ. Ìyẹn ò lè san owó ilé ìwé.

Ẹ̀kọ́ Teesside

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báǹkì Àpapọ̀ fi náírà sílẹ̀ fún ọjà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 460 náírà lọ́dọ̀ ìjọba ju 1,500 lọ kó tó pé ọdún kan. Èmi tí mo ń ta páàtì mọ́tò, mo mọ bó ṣe rí lára mi. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ìròyìn gbòde pé àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ní Teesside University, ní Middlesbrough, ò rí owó ilé ìwé wọn san lásìkò nítorí náírà tó já. Wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ẹ̀kọ́, wọ́n sì ní kí àwọn kan fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Yunifásítì ní ẹni tí kò bá sanwó ti rú òfin físà. Wọ́n gbéra nílé pẹ̀lú owó lọ́wọ́ o, àmọ́ èyí tó kù ní náírà ló dà wọ́n.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ńkọ́?

Láti January 1, 2024, ẹni tó ń ṣe irú másítáàsì yìí ò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dání, àfi tí ìjọba bá ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọdún méjì ni wọ́n ń fúnni láti wáṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá béèrè láti January 1, 2027 á gba oṣù 18. Láti oṣù keje ọdún 2025, físà iṣẹ́ ń béèrè owó oṣù tó tó 41,700 pọ́n-ùn lọ́dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń dín in kù fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Àwọn ọ̀nà míì

Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba kì í gba owó ilé ìwé, àmọ́ ní ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg, 1,500 yúrò ni àlejò ń san ní sáà kan. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi 11,904 yúrò sí báǹkì, kí ọmọ máa gba 992 níbẹ̀ lóṣooṣù. Owó yín náà ni. Chevening, sikọ́láṣíìpù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń san gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì, ó kàn gbọ́dọ̀ padà wálé fún ọdún méjì. Kò sówó fọ́ọ̀mù níbẹ̀; ejẹ́ńtì tó bá béèrè, ẹ sá fún un.

Ọmọ tún lè wà nílé. ABU Zaria ń ṣe másítáàsì kọ̀ǹpútà, NOUN náà ní ti IT. Georgia Tech ní Amẹ́ríkà ti ń kọ́ni ní tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2014, nǹkan bíi 7,000 dọ́là, láìsí físà.

Àwọn bàbá wa wá sí Makera àti Kakuri torí ilé iṣẹ́ aṣọ. KTL ṣí ní 1957, ó kógbá sílé ní 2002. UNTL tẹ̀ lé e ní 2007. A mọ bó ṣe ń rí tí gbogbo ilé bá gbójú lé ibì kan ṣoṣo. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ohun tí mo sọ fún ìyá náà nìyí: ẹ má tíì ta ilé. Kí ọmọ kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n sún àdímíṣọ̀n náà sí ọdún tó ń bọ̀. Kó fi ọdún yẹn wá sikọ́láṣíìpù, kó sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn. Tí owó ilé ìwé bá ti pé ní pọ́n-ùn, tí ilé sì ṣì dúró, kó máa lọ. Olúwa á ṣọ́nà. Ìyá náà ní òun á bá bàbá wọn sọ ọ́.