Kí Ló Ń Fa Ẹ̀rọ Yìí Lẹ́sẹ̀? Ìtàn Láptọ́ọ̀pù Tó Ń Falẹ̀, Láti Ìkẹjà dé Awoyaya

Ní Awoyaya, lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, láptọ́ọ̀pù kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ọ́fíìsì ni. Ta ló fẹ́ máa fi go-slow láàárín ibẹ̀ àti Victoria Island ṣe oúnjẹ àárọ̀ lójoojúmọ́? Ẹni tó bá ríṣẹ́ tó ṣeé ṣe látilé, ilé náà ló ti ń ṣe é: kóòdù ni o, àwòrán ni o, ìṣirò owó fún iléeṣẹ́ tí kò fojú rí rí ni o. Torí náà, ọjọ́ tí láptọ́ọ̀pù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó tàn, tí èèyàn tẹ bọ́tìnì tán tó wá ń wò ó bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì nínú òjò, owó oúnjẹ ló ń falẹ̀ yẹn.

Ohun méjì làwọn èèyàn sábà máa ń sọ. Àwọn kan á ní, "Vírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́." Àwọn mìíràn á ní, "Ó ti gbó jàre, ra òmíràn." Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Fífà ẹ̀rọ ní ìtàn tirẹ̀, ẹni tó bá sì mọ ìtàn náà á mọ ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ wò kó tó náwó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ìkẹjà. Ṣáájú kí ọdún 1990 tó wọlé, àdúgbò tí àwọn èèyàn ń gbé ni òpópónà Otigba. Láàárín ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà àti àwọn tó ń tún un ṣe ń gba ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n gba òpópónà Pepple àti Ola-Ayeni mọ́ ọn, títí ó fi di ohun tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí Computer Village. Kọ̀ǹpútà tuntun wọ́n. Tòkunbọ̀ ló jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò kékeré rí ti wọn rà: ẹ̀rọ tí ọ́fíìsì kan lókè òkun ti lò fún ọdún mélòó kan, tí wọ́n kó sínú kọ̀ǹténà, tó wá gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó. Lónìí, "UK used" la ń pè é.

Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Basel Action Network gbé ìwádìí kan jáde nípa Èkó, wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní The Digital Dump. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí kọ̀ǹténà 500 tó kún fún ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lóṣooṣù. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ fúnra wọn sọ fún wọn pé nínú ẹrù náà, ó lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tó jẹ́ pàǹtí lásán. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 ka gbogbo ẹ̀rọ oníná àlòkù pọ̀, láti orí fíríìjì dórí tẹlifíṣọ̀n: nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Iye méjèèjì kò dọ́gba, ọ̀nà tí wọ́n gbà kà á kò sì dọ́gba, àmọ́ ohun kan náà ni wọ́n ń fi yé wa: ẹ̀rọ tó dé ọwọ́ yín ti gbé ayé kan ṣáájú yín. Ẹ̀yin lè ti lò ó fún ọdún kan péré, kó jẹ́ pé ọdún méje ló wà lára rẹ̀. Díìsìkì ti ń yí láti ìgbà yẹn, eruku ti kún inú fáànù, bátìrì ti rẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́ o. Ẹ̀rọ lè wà bó ṣe wà, kí ẹrù tí wọ́n ń dì lé e lórí máa pọ̀ sí i. Ní 1965, Gordon Moore ṣàkíyèsí pé iye transístọ̀ tí wọ́n ń kó sórí chip kan ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún. Ní 1975 ó tún un sọ: ọdún méjìméjì ni. Gbogbo ayé rò pé bí chip bá ṣe ń dára sí i, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà á máa yá sí i. Ní 1995, Niklaus Wirth, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ṣe èdè kóòdù tí wọ́n ń pè ní Pascal, kọ àròkọ kan láti fi bẹ àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà pé kí wọ́n dín ẹrù kù. Ohun tó ń bí i nínú ni pé sọ́fítíwíà ń wúwo sí i kíákíá ju bí ẹ̀rọ ṣe ń yára sí i lọ.

Ẹ wo bó ṣe rí. Windows 95 béèrè RAM 4MB, ó kéré tán. Windows XP, 2001, béèrè 64MB. Windows 7, 2009, béèrè 1GB. Windows 11, 2021, béèrè 4GB. Láàárín ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ti lé ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan! Ẹ má sì gbàgbé pé "ó kéré tán" nìyẹn o. Ẹ ò tíì ṣí WhatsApp, ẹ ò tíì ṣí Chrome. Láti ìgbà tí Chrome ti dé ní 2008 ló ti ń ya ọ̀pọ̀ táàbù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni pé ètò tó dá dúró ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan má bàa kú kó pa èyí tó kù. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ RAM ló ń jẹ.

Bí RAM bá kún, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lọ sórí díìsìkì. Ẹ fojú inú wo ìyá ọlọ́jà tí tábìlì rẹ̀ ti kún. Gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá béèrè nǹkan, á dìde lọ sí stọ́ọ̀ ẹ̀yìnkùlé lọ mú un wá. Ọjà rẹ̀ kò bàjẹ́, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, síbẹ̀ ẹsẹ̀ á pọ̀ níwájú rẹ̀ torí pé ìrìn ti pọ̀ jù.

Bí stọ́ọ̀ náà bá tún jìnnà, wàhálà dé. Hard disk ni stọ́ọ̀ tó jìnnà yẹn. Ọdún 1956 ni IBM kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde: àwo 50 tó ń yí, gbogbo ohun tí wọ́n sì lè gbà kò ju nǹkan bí 5MB lọ. Àwo ti kéré, ó ti gba púpọ̀ sí i, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà: àwo á máa yí, apá kékeré kan á máa sáré kiri lórí rẹ̀ láti wá ohun tí ẹ béèrè. Ìwákiri kan lè gba nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. SSD kò ní àwo, kò sì ní apá. Ó lè fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún yá jù ú lọ nídìí ìwákiri yẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹnjiníà bá yọ hard disk, tó fi SSD sí i, láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti ń pè ní òkú fi máa ń dìde. Ẹ kíyè sí èyí náà: hard disk tó fẹ́ kú sábà máa ń fà ná. Bí ẹ bá ń gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú rẹ̀, ẹ yáa kó iṣẹ́ yín sí ibòmíràn kí ẹ tó gbé e lọ síbì kankan.

Ohun kẹta ni ooru. Láti ayé Pentium 4, tó dé ní 2000, ni chip Intel ti mọ bí a ṣe ń dín eré kù fúnra rẹ̀ bó bá ti gbóná jù, kó má bàa jóná. Awoyaya wà láàárín ọ̀sà àti òkun: ooru wà, atẹ́gùn oníyọ̀ wà, iyanrìn sì wà. Eruku á dí fáànù, páàsìtì tí wọ́n fi sáàárín chip àti irin tó ń fa ooru á gbẹ. Ẹ tún wá gbé láptọ́ọ̀pù lé orí bẹ́ẹ̀dì, fóòmù bo ihò tó fi ń mí. Báwo ni kò ṣe ní falẹ̀? Bó bá ń yá láàárọ̀, tó wá ń fà lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí fáànù ń pariwo, ẹ fura sí ooru.

Iná náà ò gbẹ́yìn. NEPA bẹ̀rẹ̀ ní 1972, ó di PHCN ní 2005, wọ́n pín in fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2013, síbẹ̀ a ṣì ń ṣọ́ bátìrì jẹ. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìjọba gbé owó iná Band A lọ sí nǹkan bíi ₦225 fún kilowatt wákàtí kan. Ẹni tó ń ṣọ́ iná ló máa ń fi láptọ́ọ̀pù sórí ètò tó ń dín agbára kù kí bátìrì lè pẹ́, tó sì máa ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ṣájà náà ńkọ́? Àwọn láptọ́ọ̀pù kan, bíi ti Dell, máa ń dín eré chip kù bí wọn ò bá dá ṣájà mọ̀. Ṣájà feyínkẹ́yín lè sọ ẹ̀rọ tó dára di ìgbín.

Vírọ́ọ̀sì tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn ní orírun. Láyé cybercafé, tí a ń lọ ṣe overnight browsing, flash kan lè ti inú kọ̀ǹpútà mẹ́wàá kọjá lọ́jọ́ kan. Conficker jáde ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2008, ó sì gba orí flash tàn kálẹ̀. Ní Oṣù Kejì ọdún 2011 ni Microsoft fi àtúnṣe ránṣẹ́ tí kò jẹ́ kí flash máa dá ṣí ara rẹ̀ lórí Windows àtijọ́ mọ́. Vírọ́ọ̀sì ṣì wà, pàápàá nínú sọ́fítíwíà crack tí a ń fi ọ̀fẹ́ wá kiri. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kó máa jẹ ẹ̀bi gbogbo.

Àwọn mìíràn á ní àwọn iléeṣẹ́ ló ń mọ̀ọ́mọ̀ fà á lẹ́sẹ̀. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2017, Apple jẹ́wọ́ pé àwọn ń dín eré iPhone tí bátìrì rẹ̀ ti gbó kù. Wọ́n ní kó má bàa máa kú lójijì ni. Oògùn rẹ̀ nígbà náà ni bátìrì tuntun, kì í ṣe fóònù tuntun.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, láptọ́ọ̀pù ò mọwọ́, ò mẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan: MainOne, WACS, ACE àti SAT-3. Báńkì ń fà, wẹ́ẹ̀bù ń fà, látorí Nàìjíríà dé Ghana. Ẹni tó gbé láptọ́ọ̀pù lọ tún ṣe lọ́jọ́ náà kàn ná owó òfò ni. Ẹ ṣí fáìlì kan tó wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Bó bá ṣí kíá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí ẹ bá wí.

Yorùbá ní bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèékánná. Torí náà, ẹ wá iná náà rí. Ẹ kọ́kọ́ tẹ Restart, kì í ṣe Shut down: láti ìgbà Windows 8, ní 2012, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í kú tán bí ẹ bá tẹ Shut down, ó máa ń fi díẹ̀ pa mọ́ kó lè tètè tàn lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager yọjú. Bí Memory bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100%, ẹ ti àwọn táàbù, bóyá RAM ni ẹ máa fi kún un. Bí Disk bá dúró sí 100% tí ẹ ò ṣe nǹkan kan, SSD ló ń bẹ̀. Ẹ lọ sí Startup, kí ẹ pa àwọn ètò tó ń tẹ̀ lé ẹ̀rọ dìde láìjẹ́ pé ẹ pè wọ́n. Ẹ wò ó bóyá àyè ṣì wà lórí díìsìkì, ẹ wo ètò bátìrì, ẹ wo ṣájà, ẹ wo fáànù. Gbogbo wíwò yìí kò gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ tó lọ bá ẹnjiníà, ẹ ó sì mọ ohun tí ẹ máa bá a sọ.

Ìdí tí mo fi ní ká ṣe wàhálà tó báyìí nìyí. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún gbogbo èèyàn lórí Windows 10 dúró. Windows 11 kì í gba ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí chip wọn ti wà ṣáájú nǹkan bí 2018. Àwọn ọ́fíìsì lókè òkun á fẹ́ palẹ̀ irú wọn mọ́, ẹ sì ti mọ ibi tí kọ̀ǹténà máa ń forí lé. Òfin wà: láti 2011 ni Nàìjíríà ti ní ìlànà lórí ẹ̀rọ oníná àlòkù àti pàǹtí wọn. Àmọ́ òfin nìkan kọ́ ló máa dá ẹrù náà dúró. Bí ẹ bá fẹ́ ra "UK used" báyìí, ẹ béèrè ọdún tí chip rẹ̀ jáde, ẹ béèrè bóyá SSD ló wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níwájú yín kí ẹ tó sanwó.

Èyí tó sì wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀, tí Windows 11 ò gbà, kò tíì di òkú. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa dá sílẹ̀ ní 2004, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ṣì ń gba ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọdún mẹ́ta sí i tí ẹ bá lo ẹ̀rọ kan, ọdún mẹ́ta tí ẹ ò ra òmíràn ni, ọdún mẹ́ta sì ni tí ike àti òjé inú rẹ̀ ò fi ní dé orí ààtàn tí wọ́n ti ń dáná sun ún, tí èéfín rẹ̀ ń wọ imú ọmọ ẹlòmíràn.