Ahéré Curran

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ṣé gbogbo ohun tí a kọ́ láti gbani là ló ń gbani là? Ẹ wo òkè Cairngorms ní Scotland. Ní oṣù kọkànlá 1971, àwọn ọmọ iléèwé kan láti Edinburgh ń lọ sun inú ahéré Curran, tí kò ní olùtọ́jú. Ẹgbẹ́ kan débẹ̀. Ìjì yìnyín ká ẹgbẹ́ kejì mọ́ ìta fún òru méjì. Ọmọ márùn-ún àti olùkọ́ tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ kú. Ní 1975, wọ́n wó ahéré náà. Àwọn kan ní wíwó rẹ̀ kò dáa, torí ó lè gba ẹlòmíì là. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n èmi fara mọ́ wíwó rẹ̀: ahéré tí yìnyín lè bò mọ́lẹ̀ ń fọkàn ènìyàn balẹ̀ lásán ni.